Òkè Ti Wá Bá Wa ní Arepo

Ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga rí ní Arepo mọ̀ pé ọkọ́ kì í kan àpáta níbẹ̀. Yanrìn ni, amọ̀ ni, yanrìn tún ni, títí omi yóò fi yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Magboro àti Ìbàfò. Ẹni tó ń kọ́lé ládùúgbò wa yóò sanwó ọkọ̀ kí wọ́n tó bá a ja òkúta wẹ́wẹ́ láti ìhà Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n ní ti yanrìn, ẹ̀gbẹ́ odò níbí ni wọ́n ti ń wà á. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Bí mo bá sọ fún wọn ní kíláàsì pé, "Yanrìn tí ẹ ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yìí, òkè ni tẹ́lẹ̀," wọn á máa wo ara wọn, wọn á máa rẹ́rìn-ín sínú.

Odò Ògùn ló gbé e wá. Àárín àwọn òkè kan nítòsí Ṣakí ni odò náà ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ọ̀yọ́ kọjá, ó la Abẹ́òkúta já, ó wá ń fà lọ sí ọ̀sà Èkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìṣẹrí, tí kò jìnnà sí wa rárá. Lókè lọ́hùn-ún, oòrùn ń sán àpáta, òjò ń bọ́ lé e gbígbóná, ara rẹ̀ ń là, ó ń bó, ọ̀gbàrá sì ń gbá ohun tó bó sínú odò. Níbi tí ilẹ̀ bá ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, omi ń sáré, ó ń gbẹ́rù. Níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́, ẹsẹ̀ omi á wọ́lẹ̀, á sì sọ ẹrù náà kalẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́ yẹn ni àwa rà, tí a gba rìsíìtì, tí a kọ́lé sí. Láti 1983 ni wọ́n ti ń lo dáàmù Ọ̀yán tó wà lápá òkè Abẹ́òkúta. Bí wọ́n bá ṣí omi rẹ̀ nígbà òjò, àwọn ará Ìṣẹrí àti Kara á tún rántí pé ọ̀nà odò ni àwọn ń gbé.

Nítorí náà, bí mo bá ní mò ń lọ gun òkè, mo kàn ń tọ odò lọ sókè ni, kí n lọ wo ibi tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé mi ti wá.

Ọ̀rọ̀ yìí kò tètè yé àwọn aládùúgbò mi. Ọ̀kan nínú wọn dá mi dúró lẹ́nu géètì èsítéètì nígbà kan tí mo ń ti Abẹ́òkúta bọ̀ pẹ̀lú erukutu lẹ́sẹ̀. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, Màmá Tíṣà. Ẹ lọ gbàdúrà lórí òkè ni?" Mo ní rárá. Ó ní, "Àbí ẹ lọ ra àdìrẹ?" Mo ní n kò ra nǹkan kan. Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Ẹ wá kàn gùn ún lásán, ẹ tún sọ̀ kalẹ̀?" Mo ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Ó mi orí, ó ní kí Ọlọ́run ṣọ́ wa. Òun náà ló wá di ẹni tó ń fóònù mi báyìí pé ìgbà wo la tún ń lọ.

Ọ̀nà méjì ló wà láti ọ̀dọ̀ wa dé Abẹ́òkúta, níbi tí òkè Olúmọ wà, ìwà wọn kò sì jọra. Màrosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá, tí wọ́n ṣí ní 1978, ló yá jù. A ó kọjá Ìbàfò àti Mòwé, a ó kọjá àgọ́ Ìràpadà, a ó yà ní oríta Ṣágámù, a ó gba Ṣíún àti Kobapé wọ Abẹ́òkúta. Gbogbo rẹ̀ kò tó 100 kìlómítà. Ẹ̀ ń gbọ́, ẹ má ṣe bọ́ sọ́nà yẹn ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ìjọ Ìràpadà ń ṣe ìsìn òru wọn lọ́jọ́ náà, ọkọ̀ á sì tò bí ẹni pé gbogbo Èkó ló ń ṣí lọ. Ìdájí Sátidé mìíràn ló dára. Ẹni tó bá ti kúrò ní Arepo ní aago márùn-ún ààbọ̀, oòrùn kò ní tíì mú kó tó dé ìdí òkè.

Ọ̀nà kejì ni ti Ìfọ̀. Ó pẹ́ jù, ó sì ní kòtò jù, ṣùgbọ́n òun lèmi fẹ́ràn. Láti Sango a ó bá a lọ sí Ìfọ̀, Papalanto, Ewékorò. Ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dùn nìyẹn. Ní Ewékorò, láti 1960, ni wọ́n ti ń fi òkúta ẹfun ṣe sìmẹ́ǹtì. Òkúta yẹn kì í ṣe àpáta bíi ti Olúmọ. Ìsàlẹ̀ òkun ló ti wá. Ní ohun tó ju 50 mílíọ̀nù ọdún lọ sẹ́yìn, òkun bo gbogbo agbègbè náà. Ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú omi tó ń kú ń kó jọ sórí ara wọn, wọ́n ń dì pọ̀, títí wọ́n fi di òkúta. Òkun wá padà sẹ́yìn, òkúta kù sílẹ̀. Àwọn onímọ̀ ti rí ìkarahun ìgbín omi, akàn àti eyín ẹja nínú òkúta tí wọ́n ń wú níbẹ̀. Sìmẹ́ǹtì tí a fi rẹ́ ilé wa nìyẹn o: òkú ìgbín inú òkun.

Kò sẹ́ni tí yóò jẹ́ kí ẹ wọ inú kòtò tí wọ́n ti ń wú u, ilé iṣẹ́ ni. Láti ojú ọ̀nà, eruku funfun lára ewé àti àwọn tírélà tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ni ẹ ó rí. Ó tó láti sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọmọdé bá wà nínú ọkọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n ṣọ́ òkúta dúdú àkọ́kọ́ tó bá yọ orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lẹ́yìn Ewékorò, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i ni yóò jẹ búrẹ́dì tó ní bọ́tà. Wọn kì í sùn mọ́. Òkúta yẹn gan-an ni ààlà. Lẹ́yìn rẹ̀, yanrìn àti òkúta inú òkun tán, egungun ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kù. Lábẹ́ Arepo náà, àpáta yẹn wà, ó kàn ti rì jìnnà sábẹ́ yanrìn ni.

Àpáta yẹn ti pẹ́ láyé ju òkun Ewékorò lọ fíìfíì. Nǹkan bíi 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, ohun gbígbóná yíyọ́ dúró sínú ilẹ̀ nísàlẹ̀ jìnnà, ó tutù díẹ̀díẹ̀, ó dì. Ilẹ̀ tó bò ó ń wọ́ lọ pẹ̀lú òjò títí ó fi bọ́ sí gbangba. Bí ẹrù orí rẹ̀ ti fúyẹ́, ó ń wú, ara rẹ̀ sì ń ṣí ní ìpele ìpele bí èèpo àlùbọ́sà. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ Olúmọ dáadáa, ẹ ó rí àwọn ìpele náà. Ìdí tí àwọn òkè wa fi rí róbótó tí wọ́n sì ń dán nìyẹn, tí wọn kò rí ṣóńṣó bí èyí tí à ń rí nínú àwòrán ilẹ̀ òkèèrè. Àwọn òkúta ńláńlá tó dá dúró sórí rẹ̀ bí ohun tí ẹnì kan gbé kalẹ̀, èyí tó le jù nínú àpáta ni wọ́n, tí ìyókù ti jẹrà kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Olúmọ kò ga púpọ̀. Mítà 137 ni wọ́n máa ń kọ sílẹ̀ fún un. Ẹni tó bá lágbára lè gùn ún kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ̀kọ inú ọ̀rá tó tutù. Nígbà tí wọ́n tún ibẹ̀ ṣe ní 2006, wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń gbéni ròkè sí i. Mo ní kí ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn tàbí aboyún wọ̀ ọ́ bó bá ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin tí ara yín le, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba inú pàlàpálá àpáta gùn ún, nítorí inú pàlàpálá yẹn ni ìtàn wà. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá sá ogun dé ní nǹkan bíi 1830, tí Ṣódẹkẹ́ ṣíwájú wọn, abẹ́ àpáta yìí ni wọ́n forí pamọ́ sí. Ibi tí wọ́n sùn ṣì wà níbẹ̀, ó rẹlẹ̀ débi pé ẹni tó bá ga yóò tẹ̀ ba. Ihò tí wọ́n ti ń lọ nǹkan jíjẹ lára àpáta wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ọ̀kan nínú wọn, ó ń jọ̀lọ̀. Ọ̀pọ̀ ọwọ́ obìnrin ló ṣe iṣẹ́ yẹn.

Láti òkè, ẹ ó rí àwọn òrùlé páànù tó ti pọ́n, ẹ ó rí ilé ìjọsìn Aké, ẹ ó sì rí odò Ògùn tó ń lọ jẹ́ẹ́jẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Mo máa ń nawọ́ sí i fún àwọn tó bá bá mi lọ: "Ẹ wò ó, ilé ló ń lọ."

Ọkàn mi kò sí ní Olúmọ tó bó ṣe wà ní Adó-Àwáyé, kí àwọn Ẹ̀gbá má bínú. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìsẹ́yìn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló wà. Láti Arepo, ẹ lè gba Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn kí ẹ tó yà, tàbí kí ẹ gba inú Ìbàràpá láti Abẹ́òkúta. Wákàtí mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, bí ọ̀nà bá dára. Ó ṣeé lọ ṣeé bọ̀ lóòjọ́, àmọ́ ọjọ́ náà yóò kún. Àtẹ̀gùn tí wọ́n ṣe sára òkè náà lé ní 300. Kò sí ẹ̀rọ agbéniròkè, kò sí ilé ìtura lójú ọ̀nà, ibi tí ẹ bá ti rẹ̀ yín, ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ gba afinimọ̀nà láti inú ìlú. Wọ́n mọ ibi tó ń yọ̀, wọ́n sì mọ ibi tí àlejò kì í dé. Owó wọn kò tó èyí tí ẹ ń ná sórí ṣáwàmá kan ní Berger.

Lókè, àpáta tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ ó rí Ìṣàgé, òkúta gìrìwò kan tó dúró gbọn-in bí ẹni pé atẹ́gùn kan ni yóò tì í ṣubú, tí àwọn ará ìlú ń bẹ̀ fún òjò láti ayébáyé. Ẹ ó rí Ẹsẹ̀ Àwọn Àgbà, àwọn ihò bí ojú ẹsẹ̀ tó kún fún omi. Ìtàn tiwọn ni pé ẹsẹ̀ àwọn ẹni àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀. Èmi mọ bí omi ṣe ń gbẹ́ irú ihò bẹ́ẹ̀. Òjò á dúró sójú kan lára àpáta, á máa rọ èyí tó bá rọ̀ nínú rẹ̀, atẹ́gùn á gbá ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀rùn, omi tún dé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ihò náà á fẹ̀ sí i. Mo ṣàlàyé èyí fún afinimọ̀nà wa. Ó gbọ́ mi tán tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Mà. Àmọ́ ẹ bọ́ bàtà yín kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́." Mo bọ́ ọ.

Adágún Ìyake ló ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ síbẹ̀, omi tó wà lórí òkè tí kì í gbẹ. Àwọn ará ìlú ní kò ní ìsàlẹ̀, ẹ má sì ṣe wẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn tó ń polówó ibẹ̀ máa ń sọ pé irú adágún orí òkè bẹ́ẹ̀, méjì péré ló wà láyé, tiwa àti ọ̀kan ní Kolorádò ní Amẹ́ríkà. N kò gbà. Ti Amẹ́ríkà, òkúta ẹfun tí omi ń tò jọ ló sé e. Tiwa, inú àpáta dúdú ni omi jókòó sí. Wọn kò bára tan, adágún orí òkè sì pọ̀ láyé ju méjì lọ. Ìyake kò nílò irọ́ kó tó lẹ́wà. Ẹ lọ rí i lóṣù kọkànlá, nígbà tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dáwọ́ dúró tí ọ̀run mọ́ kedere tí àpáta sì ti gbẹ. Nígbà òjò gan-an, ewédò tó ń hù lára àpáta máa ń yọ̀ bí ọṣẹ, mo kìlọ̀ o.

Ní ti ohun tí ẹ ó gbé dání, kó má pọ̀. Omi lítà méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe omi inú ọ̀rá kan ṣoṣo. Kánfáàsì tó di ẹsẹ̀ mú, ẹ fi sílípáàsì sílé. Mọ́ínmọ́ín, ẹ̀pà, ọsàn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru, kó lo oògùn rẹ̀ kó tó kúrò nílé, kó má sì bá ọmọ ogún ọdún díje. Gígùn òkè ń gba èémí, sísọ̀ ló ń gba orúnkún, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ sọ̀ níbi tó bá ga. Ní ti ààbò, n kò ní fi bò yín lójú: a kì í rìn lálẹ́. Aago méjì ọ̀sán ni mo máa ń pe gbogbo ènìyàn sọ̀ kalẹ̀ ní Adó-Àwáyé, ẹni tó bá ní òun kò tíì ya fọ́tò tán, kó ya á nínú ọkọ̀. A sì máa ń béèrè bí ọ̀nà ṣe rí lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ gáréèjì ní ọjọ́ tó ṣáájú.

Àwọn kan máa ń ní kí a lọ sí Ìdànrè lóòjọ́. Màá ní rárá. Òkè Ìdànrè tó bẹ́ẹ̀ ó jù bẹ́ẹ̀ lọ: ìlú odindi ló wà lórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀, ó sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà wọlé láti 2007. Àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn Àkúrẹ́ ni, ẹni tó bá fi ìdájí kúrò ní Arepo, ọ̀sán gangan ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún, òru ni yóò sì fi wakọ̀ bọ̀. Ẹ lọ sùn síbẹ̀. Ọ̀sọ̀rọ̀ omi Olúmirìn ní Erin-Ìjẹ̀ṣà, tó ní ìpele méje, lè jẹ́ ìdúró lójú ọ̀nà.

Aṣálẹ̀ ńkọ́? Ọmọ àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ mi pé ìgbà wo la máa lọ wo iyẹ̀pẹ̀ gbígbẹ tí ràkúnmí ń rìn. Mo fi ìka nu tábìlì pálọ̀ mi, mo fi hàn án. Oṣù kejìlá ni, ọyẹ́ ti dé. Aṣálẹ̀ nìyẹn.

N kò fi í ṣẹ̀fẹ̀. Ní orílẹ̀-èdè Chad, ibì kan wà tí wọ́n ń pè ní Bodélé. Ìsàlẹ̀ adágún ńlá kan ni nígbà àtijọ́, ó ti gbẹ. Òkè ńlá méjì dúró lápá ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń bọ̀, Tibesti àti Ennedi, ti Tibesti sì ga tó mítà 3,400 níbi tó ga jù. Afẹ́fẹ́ àárín ẹ̀ẹ̀rùn ń fún ara rẹ̀ gba àárín àwọn méjèèjì, ó ń yára, ó sì ń gbá erùpẹ̀ wíńníwínní ìsàlẹ̀ adágún yẹn sókè. Díẹ̀ nínú rẹ̀ ń sọdá òkun lọ bọ́ sínú igbó Amẹsónì ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Díẹ̀ ń bọ́ sórí lúfà fèrèsé wa ní Arepo, ètè wa ń là, àwọn tó ní ikọ́ fée kì í sinmi. Ọkọ̀ òfuurufú a máa dúró nítorí rẹ̀. Kò dára fún gígun òkè náà: ẹ ó dé orí Olúmọ, ẹ kò ní rí nǹkan kan ju funfun lọ.

Aṣálẹ̀ gidi kò ṣeé lọ lóòjọ́ láti ọ̀dọ̀ wa, apá ibi tí iyẹ̀pẹ̀ ti gba ilẹ̀ ní Yobe kò sì jẹ́ ibi tí mo lè ní kí ẹnikẹ́ni lọ ṣeré nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa ti wakọ̀ gba inú aṣálẹ̀ kọjá. Ní 2022, Kúnlé Adéyanjú gun alùpùpù láti Lọ́ńdọ̀nù wá sí Èkó láti fi kówó jọ fún gbígbógun ti àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀. Ó gbéra ní oṣù kẹrin, ó dé ní òpin oṣù karùn-ún. Ní 2024, Pẹ̀lúmi Nubi wa ọkọ̀ kékeré Peugeot 107 gba irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀, Mòrókò, Mauritania, Senegal, ó sì wọ Èkó ní oṣù kẹrin. Ọ̀nà ọ̀dà ló wà lẹ́bàá òkun níbẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ń wa ọkọ̀ lórí iyẹ̀pẹ̀ lásán, síbẹ̀ oòrùn àti yanrìn kò mọ ojú ẹnikẹ́ni. Ṣáájú wọn, Ọlábísí Àjàlá ti fi Vespa rin ayé, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé ní 1963. Òun la fi ń pe ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé ní Àjàlá. Ẹ má fi wọ́n wé àwọn ọ̀dọ́ tí àwọn afiniṣòwò ń kó gba Agadez lọ sí Líbíà. Àwọn arìnrìn-àjò tí mo dárúkọ yìí ní ìwé ìrìnnà, wọ́n ní èrò, wọ́n sì mọ ibi tí omi wà. Ikú ni ti ọ̀nà Agadez yẹn.

Ní tèmi, ohun tó kù kò tó aṣálẹ̀. Mo fẹ́ tọ odò Ògùn dé ibi tó ti ṣẹ̀ gan-an, kí n rí òkè tó fọ́ di yanrìn ẹ̀yìnkùlé mi. Ọ̀nà Ṣakí jìnnà, òkè Asábàrí náà sì wà ní Ṣakí tí ó yẹ kí a gùn bí a bá ti débẹ̀. Mo sọ fún aládùúgbò mi tó ń pè mí lórí fóònù pé a ó sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó ní ó dáa, òun ti ra kánfáàsì tuntun, àmọ́ ta ni yóò bá òun fún àwọn adìẹ òun lóúnjẹ?